Ẹ Kọ́kọ́ Fẹsẹ̀ Rin San Francisco

Láti ọdún 2002 títí di oṣù kẹfà ọdún 2025 tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìrìnàjò kẹ̀kẹ́ AIDS/LifeCycle máa ń gbéra láti Cow Palace, ní ààlà San Francisco, lọ sí Los Angeles: máìlì 545 láàárín ọjọ́ 7, kí owó lè wọlé fún ìtọ́jú àti ìdènà àrùn éèdì. Àlejò tó ti òkèèrè wá lè kàn dé lálẹ́, kó sùn, kó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò ní ìdájí. Lójú tèmi, ìrìnàjò irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pé. Mo fẹsẹ̀ rin ìlú náà kí n tó sọ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni màá sì fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Market Street. Irin tí ọkọ̀ ojú irin ń tọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ojú títì, ṣùgbọ́n ó ní kòtò tóóró kan tí táyà kẹ̀kẹ́ tínínrín lè wọ̀ ṣinṣin. Ńṣe lèèyàn ń dábùú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ gbà á, táyà á há, kẹ̀kẹ́ á sì gbé e ṣánlẹ̀. Lápá kan Filbert Street, bí o bá lọ mítà 100 síwájú, o ti gòkè tó mítà 31. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ ìlú náà kì í bá irú òkè bẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà. Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní The Wiggle, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, láti òpópónà Duboce títí dé ìtòsí Golden Gate Park. Àfonífojì odò àtijọ́ ló ń tọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ga. Ẹni tó bá kọ́ irú ọgbọ́n yìí nígbà tí ara ṣì le, kò ní fi agídí bá òkè etíkun California jà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ kọ́ ló jù. Ní ọdún 1983, nígbà tí ẹ̀rù éèdì ń ba gbogbo ayé, ilé ìwòsàn ìjọba ìlú náà ṣí Wọ́ọ̀dù 5B, wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláìsàn éèdì ní Amẹ́ríkà. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń di aláìsàn lọ́wọ́ mú, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fẹ́ sún mọ́ wọn. Nínú Golden Gate Park kan náà, ọgbà ìrántí éèdì kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe ní 1991, tí ìjọba àpapọ̀ sì sọ di ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1996. Orúkọ ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ilẹ̀ níbẹ̀, yípo-yípo, tó fi jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹríba kó tó lè kà á. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Àwọn kan á ní ẹsẹ̀ yóò rẹ èèyàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ alẹ́ tí ìrìnàjò ku ọ̀la lèèyàn ń gun Filbert Street! Ìrìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ tó tẹ́ kì í pa ẹsẹ̀ lára. Àtakò tó wúwo ni ti àwọn tó ní kí a fi owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ tí a fi kún un ránṣẹ́ sí aláìsàn tààrà. Mi ò lè já a ní koro, torí ọ̀wọ́ngógó ìnáwó wà lára ohun tó fòpin sí ìrìnàjò náà. Síbẹ̀, agunkẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń náwó nìkan, òun ló ń tọrọ lọ́wọ́ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni owó náà wà fún, ẹni tó ti ka orúkọ lára òkúta yóò rí ohun gidi sọ ju ẹni tó ka ìwé ìpolówó lọ.

Ìrìnàjò ti San Francisco ti dópin, àmọ́ irú rẹ̀ ṣì pọ̀ níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sílé ní ọjọ́ kìíní.