Ìrìn-àjò Ìsinmi sí Ìlú Ìbìní

Ẹ̀yin òbí, Ìbìní kò sí létí òkun. Ojú omi Ughoton ni èbúté rẹ̀ wà láyé àtijọ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yóò rí kọ́ níbẹ̀ ju ti etíkun lọ.

Ẹ gbéra lówùúrọ̀, nítorí ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ jìn, kò sì yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọdé lójú ọ̀nà. Arìnrìn-àjò ní ìyọ̀ǹda láti kí Àìlà, Aláásárì àti Ìṣáì ní rakaa méjì-méjì. Mọ̀gàríbì kò kúrò ní mẹ́ta. Kírísítẹ́nì ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà, ẹ má jẹ ẹran tí ẹ kò mọ ẹni tó dú u.

Ẹ lọ sí òpópónà Igun wo àwọn tó ń da idẹ: wọn a fi ìda mọ àwòrán, wọn a fi amọ̀ bò ó, iná a yọ́ ìda kúrò, idẹ a sì gba ipò rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, tí wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Jámánì dá díẹ̀ padà ní 2022. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ìtàn ni a ń kọ́, a kò sin ère.

Kí Ọlọ́hun mú wa lọ ire, kí ó mú wa bọ̀ ire. Àmín.