Owó Ibùsùn

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé ojú àlejò ni à ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni à ń san án. Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ìṣirò ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé kò sí ibùsùn tí a kò san owó rẹ̀, bí ó ti wù kí onílé rẹ́rìn-ín tó nígbà tí ó ń tẹ́ ẹní fún ni. Bí àlejò kò bá san án, onílé yóò san án. Bí onílé kò bá sì san án, ẹlòmíràn tí a kò rí ojú rẹ̀ ni yóò san án. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ó máa rin ìrìn àjò ní ọjọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ owó ibùsùn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i ní ilé èrò kékeré kan ní Ìkòtún, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni tí kò bá tí ì dé Alímọ̀ṣọ́ lè rò pé ìgbèríko kan lásán ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí a kà ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀. Oríta ni Ìkòtún jẹ́: ọ̀nà kan lọ sí Ìgándò, ọ̀nà kan lọ sí Ìjẹ̀gùn, òmíràn gba Ìdímù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, òmíràn sì gba Ẹ̀gbẹ́ lọ sí ìhà Èjìgbò. Létí oríta yìí ni ọjà Ìkòtún wà, tí èrò rẹ̀ kì í dá. Kì í sì í ṣe ọlọ́jà nìkan ni ó ń wá sí agbègbè náà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà ní Ìgándò. Àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ wà ní ìhà Ìyànà Ìpájà. Ọ̀nà Ìgándò náà ni a sì lè gbà dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Baba tí ó sin ọmọ wá, ìyá tí ń ṣọ́ aláìsàn, oníṣòwò tí ó fẹ́ dé ọjà ní kùtùkùtù, gbogbo wọn ni ó nílò ibi tí wọn yóò gbé orí lé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ìdímù. Yàrá kan àti pálọ̀ ni òun, ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn mẹ́rin àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ sí fún ọdún púpọ̀ bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá gbé mi dé Èkó, kò sì sí ìgbà kan tí ó fi ojú àárẹ̀ wò mí. Bí mo bá dé, adìẹ a kú. Àwọn ọmọ a ká ẹní wọn kúrò ní pálọ̀, wọn a lọ tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àti abẹ́ tábìlì, kí tíṣà, àbúrò ìyá wọn, lè na ẹsẹ̀ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń bọ́jú ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí ìyá kan tí ó ní ìsọ̀ lójúde ń bi í léèrè owó ìrẹsì àti òróró tí ó gbà ní àwìn nígbà tí mo wá kẹ́yìn. Ìgbà náà sì ti tó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àlejò wà nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo fi ojú rí òwe tí mo ti ń fi etí gbọ́ láti ìgbà èwe mi.

Nígbà tí ìrìn àjò mìíràn tún dé, tí mo fẹ́ ra aṣọ àti bàtà fún ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé wa, mo pinnu láti gba yàrá fún òru mẹ́ta ní ilé èrò létí ọjà Ìkòtún. Mo kọ́kọ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì sọ fún un. Ó wò mí títí.

“Àbúrò mi, ta ni ó ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí?”

“Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kò ṣẹ̀ mí rí.”

“Kí ni kí n wí fún ìyá wa bí wọ́n bá gbọ́ pé o wá sí Èkó, o sì lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tí kò ní iyèkan? Ta ni kò sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń lọ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì?”

Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí pé orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ létí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilé wa. Ó ti pẹ́ tí ilé ijó àti ilé èrò ti ń bá ara wọn gbé ní Èkó. Bobby Benson, olórin olókìkí tí ó ṣaláìsí ní ọdún 1983, sọ ilé ijó rẹ̀ tí à ń pè ní Caban Bamboo di Hotel Bobby. Títí di òní olónìí, àwọn ilé kan sì wà tí wọ́n ń yá ènìyàn ní yàrá fún wákàtí kan tàbí méjì, tí a kò sì gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwa ará ilé-ìwé ìjọ ti mọ̀ ṣáájú òtẹ́ẹ̀lì ni ilé èrò, ó sì wà nínú Ìhìnrere Lúùkù nínú Bíbélì Yorùbá wa. Ibẹ̀ ni ará Samáríà gbé ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́ lọ. Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà tọ́ka sí fún ọmọ. Ará Samáríà náà kò sọ fún onílé èrò pé kí ó ṣàánú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yọ owó fún un, ó sì ṣe ìlérí pé bí ó bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó san owó àánú rẹ̀; kò gbé e ru ẹlòmíràn.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀fẹ́ ni àlejò ń sùn ní ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo Sábó ní Ìbàdàn, tí a tẹ̀dó fún àwọn Hausa ní ọdún 1916. Níbẹ̀, àwọn baálé tí wọ́n ń pè ní mai gida a máa gba àwọn oníṣòwò màlúù àti obì sí ilé, wọn a sì bọ́ wọn, láìgba owó ibùsùn. Abner Cohen, tí ó lọ gbé láàrin wọn, tí ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní ọdún 1969, fi hàn wá pé mai gida yìí kan náà ni alágbàtà tí ń bá àlejò rẹ̀ dúnàádúrà, tí ó sì ń gba owó àgbàtà lórí ọjà. Inú owó àgbàtà yìí ni owó ibùsùn fara pamọ́ sí.

Ilé èrò tí mo wọ̀ sí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Ìsọ̀ àwọn tí ń ta aṣọ àti àwọn tí ń tún fóònù ṣe ni ó wà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tóóró ni mo gùn dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ẹni tí ó kọ orúkọ mi sínú ìwé ńlá kan, tí ó gba owó òru mẹ́ta, tí ó sì fún mi ní rìsíìtì kí n tó bèèrè. Ibùsùn kan wà nínú yàrá mi, àga oníke kan, fáànù lókè àjà, ìkọ́ aṣọ mẹ́ta lára ògiri, àti balùwẹ̀ kékeré tí ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbomi. Aṣọ ibùsùn ti ṣá, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì ń ta òórùn ọṣẹ. Nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé tí kò jẹ́ kí ẹ̀fọn wọlé. Jẹnẹrétọ̀ a máa ṣiṣẹ́ láti agogo méje alẹ́ títí di agogo mọ́kànlá. Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù a fara mọ́ atẹ́gùn tí Ọlọ́run bá rán. Owó òru mẹ́ta níbẹ̀ kò tó owó òru kan ní àwọn ilé èrò ńláńlá Ìkẹjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn àwọn agbèrò ni ó ń jí mi: “Ìgándò! Ìjẹ̀gùn! Ìyànà Ìpájà!” Bí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, inú ọjà ni mo bọ́ sí, n kò san owó ọkọ̀, n kò sì ru ẹrù jìnnà.

Ìyá oníṣòwò kan láti Ayétòrò àti ẹnìkejì rẹ̀ wà ní yàrá tí ó kọjú sí tèmi. Aṣọ ọmọdé ni wọ́n wá rà. Mo bi ìyá náà bóyá wọn kò ní ẹbí ní Èkó. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi wà ní Agége, tíṣà. Bí mo bá wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò ní lọ sí ìsọ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí tèmi, òun náà yóò sì máa wá owó tí yóò fi sìn mí. Owó tí n kò san, àwọn ni wọn yóò san án ní ìlọ́po méjì. Àwa méjèèjì dá owó yàrá yìí ni, mo sì ti kà á mọ́ owó ọjà. Bí mo bá fẹ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ mi, n ó lọ kí wọn ní ọjọ́ ìsinmi, n ó sì gbé nǹkan lọ́wọ́.”

Ṣùgbọ́n ewu wà nínú ohun tí owó rẹ̀ kéré, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ni ó pa á. Ibùsùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan kan ni a yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tí a yọ bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti òdòdó orí tábìlì, kò sí ohun tí ó burú. Bí ó bá jẹ́ irin àti sìmẹ́ńtì inú òpó ilé, ẹ̀mí ni a ó fi san án. Kì í sì í ṣe ilé olówó kékeré nìkan ni èyí kàn. Ìjọ Synagogue Church of All Nations, tí T. B. Joshua dá sílẹ̀, wà ní Ìkòtún, àwọn àlejò tí ń ti òkè òkun wá síbẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé èrò fi di púpọ̀ ní àyíká náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àwọn àlejò nínú ọgbà ìjọ náà wó lulẹ̀. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó kú, ará Gúúsù Áfíríkà sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọ náà sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi ilé náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, adájọ́ tí ó wádìí ikú àwọn ènìyàn náà sọ pé àbùkù inú kíkọ́ ilé ni ó fà á. Èmi kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo mú un wá nítorí pé àlejò kì í rí ìpìlẹ̀ ilé tí ó ń sùn sí; ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó fi ń di ojú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ wo ògiri bóyá ó là. Ẹ wo bóyá ọ̀nà àbájáde mìíràn wà bí iná bá sọ ní ọ̀kan. Ẹ wo bóyá ilẹ̀kùn ń tì láti inú. Ẹ sì bèèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú ilé tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ wá ibòmíràn lọ, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú.

Ní òru kejì mo jáde láti wá omi mu, mo sì rí ọmọbìnrin tí ń tọ́jú àwọn yàrá tí ó sùn sórí ẹní lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé. Òun ni ó fọ aṣọ ibùsùn mi. Òun ni ó sì ru omi gun àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ̀rọ omi dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi í ní owó oṣù rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Kò tó owó òru méje nínú yàrá mi. Mo ti san iye tí a bèèrè lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ń san díẹ̀ nínú owó ibùsùn náà pẹ̀lú oorun rẹ̀. Mo fi nǹkan lé e lọ́wọ́ nígbà tí mo ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àlejò kì í ṣe owó iṣẹ́. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé. Ó ní bí òun bá fi kún owó oṣù, òun yóò fi kún owó yàrá, àwọn oníṣòwò yóò sì kọjá sí ilé kejì. N kò lè wí pé irọ́ ni ó pa. N kò sì lè wí pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti jẹun. Ní ọjọ́ kìíní mo ra ìrẹsì, òróró àti ẹja ní ọjà Ìkòtún, mo sì kó wọn fún un níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Àwọn ọmọ a máa kàwé sí mi létí títí di agogo mẹ́sàn-án. Wọn a tẹ́ ẹní wọn sí ààyè wọn ní pálọ̀, èmi a sì dìde. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ibùdókọ̀.

“Àbúrò mi, inú mi kò tí ì dùn sí òtẹ́ẹ̀lì yìí.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o wá, tí èmi àti ìwọ jókòó sọ̀rọ̀. Ìdí ààrò ni mo máa ń wà títí tí o fi ń lọ.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi kò wí pé kí a pa ìtọ́jú àlejò tì, nítorí iyì ilẹ̀ wa ni. Bí ẹbí wa bá ní ààyè àti oúnjẹ, kí á wọ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn, kí á sì fi nǹkan kún ìkòkò wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ni yóò ká ẹní nítorí tiwa, kí á wá ilé èrò tí ó mọ́, tí ó dúró gbọn-in, kí á san owó rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn kan, kí á sì bèèrè bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń jẹun. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi í ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka owó ọkọ̀ àlejò, oúnjẹ tí a gbà ní àwìn, ẹní tí a ká, ọjọ́ tí a kò ṣí ìsọ̀, àti òru tí òṣìṣẹ́ kò sùn dáadáa. Kí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Ìdáhùn náà kò ní jẹ́ òdo láé.