Ìborùn Káyọ̀dé

Aberdeen, Scotland
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá

Bùsọ́lá àbúrò mi,

Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn?

Inú mi dùn pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ hun ìborùn fún Káyọ̀dé, tó ń bọ̀ wá síbí ní oṣù Kìíní. Mo wo àwòrán tó o fi ránṣẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ jọ̀ọ́, má hun ìyẹn. Iṣẹ́ àwọn ará Fair Isle ni, erékùṣù kékeré tó wà láàárín Orkney àti Shetland, ní àríwá ibi tí mò ń gbé. Àwọ̀ méjì ni wọ́n ń fà pọ̀ lórí ìlà kan náà. Èyí tí kò bá kàn, ẹ̀yìn ló ń gbà kọjá. Bí ọwọ́ bá le jù, gbogbo rẹ̀ á súnkì. Bó bá dẹ̀ jù, òwú ẹ̀yìn á máa kọ́ ìka ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Fìlà àti súwẹ́tà ọmọ tuntun ló mọ́ ọ lọ́wọ́, àkókò tó kù ò sì tó fún kíkọ́ irú ẹ̀.

Ìborùn róbótó onílà ni kó o ṣe fún un, èyí tí wọ́n ń ti orí wọ̀. Atẹ́gùn tó ń ti Òkun Àríwá fẹ́ wọ ìlú yìí kì í jẹ́ kí ìborùn gígùn jókòó lọ́rùn; ti róbótó kò ní etí tí atẹ́gùn máa gbá mú. Ojú àsúnkọjá ni kó o sì fi hun ún, ìyẹn ojú tí a kò hun, tí a kàn sún láti orí abẹ́rẹ́ òsì bọ́ sórí ti ọ̀tún. Òwú kan ṣoṣo ló máa wà lọ́wọ́ rẹ nígbàkigbà, síbẹ̀ ẹni tó bá rí i á rò pé méjì lo fà pọ̀.

Wò ó. Fi òwú aláwọ̀ ẹ̀lú hun ìyípo méjì, pílénì, ìyẹn híhun lásán, ni gbogbo rẹ̀. Mú funfun: hun mẹ́ta, sún ọ̀kan, títí wàá fi yí i ká. Ní ìyípo kejì funfun, ojú tó o sún lẹ́ẹ̀kan náà ni kó o tún sún. Padà sí ẹ̀lú, kó o hun gbogbo rẹ̀ ní ìyípo méjì. Wàá rí i pé ojú ẹ̀lú tó o sún ti nà gba iwájú funfun kọjá, ó sì ti gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́. Ní ìlà funfun tó tẹ̀lé e, hun ọ̀kan, sún ọ̀kan, hun méjì, kí àmì tuntun lè bọ́ sáàárín méjì ti ìsàlẹ̀. Má gé òwú tó o bá gbé sílẹ̀; jẹ́ kó máa gba inú gòkè.

Bó o bá fẹ́ sún ojú, ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ bíi pé pọ́ọ̀lù, òdìkejì pílénì, lo fẹ́ hun, kí òwú wà lẹ́yìn iṣẹ́. Bó o bá ki í bọ̀ ọ́ bíi ti pílénì, ojú náà á lọ́. Kó o tó hun èyí tó kàn, fi ìka tẹ́ àwọn ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún, kí òwú tó gba ẹ̀yìn kọjá lè ráyè. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Ẹni tó bá ń kánjú níbẹ̀, ìborùn rẹ̀ kò ní gba orí.

Ojú tí a sún máa ń mú kí iṣẹ́ ki, kó sì kúrú. Kíki yẹn ni mo ń wá fún ọrùn Káyọ̀dé. Nítorí náà, òwú tí ìwọ ì bá fi abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 hun, lo 4.5 fún un. Kó ojú 120; bí 10 sẹ̀ǹtímítà bá gba ojú 20, àyíká ẹnu rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kó o tó so ó pọ̀, rí i dájú pé kò lọ́ níbì kankan, torí títú nìkan ló lè tún ìyẹn ṣe. Fi pílénì kan, pọ́ọ̀lù kan ṣe etí òkè àti ìsàlẹ̀, kó má baà ká. Má ka ìyípo, gíga ni kó o wọ̀n: sẹ̀ǹtímítà 25 ti tó. Fi ọwọ́ dídẹ̀ parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òwú wá kù. Wúùlù tí wọ́n fi ń dirun ní ọjà Dùgbẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn, akirílíìkì ni. Ṣáná sí fọ́nrán kan kó o rí i: akirílíìkì á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle; irun àgùntàn á rùn bí irun tó jó, á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ ọ lọ́wọ́. Òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kì í wọ́n níbí, irun àgùntàn sì lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ kí ara tó mọ̀ ọ́n ní tútù. O ní àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ jápa ti ń béèrè ìborùn tiwọn. Tà á fún wọn, àmọ́ bó bá jẹ́ akirílíìkì, sọ fún wọn kí wọ́n tó sanwó.

Mo ti fi òwú rán ìyàwó pásítọ̀ wa tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: 100 gíráàmù ẹ̀lú, 100 funfun, àti abẹ́rẹ́ oníwáyà. Rẹ fọ́nrán ẹ̀lú díẹ̀ sínú omi kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o mọ̀ bóyá àró rẹ̀ ń ṣí. Bó o bá parí, rẹ ìborùn náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, má bó o, má fún un. Fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi inú rẹ̀, kó o tẹ́ ẹ síbòòji. Omi gbígbóná àti ọwọ́ líle á sọ ọ́ di ìdì kan tí ọmọ ọwọ́ pàápàá ò ní lè wọ̀.

Sọ fún Káyọ̀dé pé kó má kó o sínú àpótí ńlá. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, torí kó tó dé ilé mi ló máa nílò rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fọláṣadé