Eérú Tí Ó Tọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwa pẹ̀lú ti fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọdé, kí a tó mọ̀ pé eérú lè fi ẹni tí ó dà á sílẹ̀, kí ó sì tọ ẹlòmíràn lọ. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí kò yìn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni yóò lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa lọ, nítorí náà ó yẹ kí a sọ ọ́.

Àwa mẹ́ta ni a rán lọ sí abúlé kan láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. A bá pátákó ìkọ̀wé tí ó ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì kò hàn lára rẹ̀ mọ́. A ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ tiwa ti ṣe nígbà tí a wà ní kékeré: a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tàbí ti rédíò wá láti ilé, pẹ̀lú ewé gbágùúdá. Wọ́n fi òkúta fọ́ bátìrì, wọ́n gún dúdú inú rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ omi ewé, a sì fi kun pátákó. Ó dúdú, ó ń dán. A da ìyókù sí ẹ̀yìn kíláàsì, a sì fọ ọwọ́ wa.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò tí ì tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, wá ṣeré níbẹ̀. Ó fi síǹkì ara bátìrì ṣe ìkòkò, ó sì fi ìyẹ̀fun dúdú náà ro àmàlà. Ọwọ́ kan náà ni ó fi nu ojú. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ojú náà ti wú, ó sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. A fi omi mímọ́ ṣàn án pẹ́ títí, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni pé ojú náà kò fọ́.

Ìyá àgbà ọmọ náà wá bá wa ní òwúrọ̀. Kò bú wa. Ó ní: “Ẹ̀yin tíṣà, àwa kò mọ ìwé, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní kí ọmọ mú nǹkan wá, a máa ń fún un, nítorí a rò pé ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju ẹgba lọ.

Nígbà tí a padà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ wa nípa sáyẹ́ǹsì là á yé wa pé ìyẹ̀fun náà kì í ṣe èédú lásán. Máńgáníìsì ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ tí ń jó ojú ni wọ́n sì fi rin ín. Eruku máńgáníìsì, bí ènìyàn bá ń fà á símú pẹ́, lè ba ọpọlọ jẹ́. Láti ọdún 1837 ni oníṣègùn kan ní Skọ́tíláńdì ti kọ ohun tí ó rí lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó sọ ti Thiaroye-sur-Mer pẹ̀lú, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀. Eruku òjé kún ilẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 dé oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 ni ó kú. Àwọn ọmọ náà kọ́ ni ó ni òwò náà.

Ohun tí a ń ṣe nísinsìnyí rèé. A kì í fọ́ òkú bátìrì, a kì í jù ú sínú iná, nítorí ó lè bú. A kì í sì jù ú sínú kànga tàbí ṣáláńgá. Inú ike gbígbẹ tí ó ní ìdérí ni à ń kó o sí, sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ti fóònù, a ń fi téèpù bo ẹnu rẹ̀ kí ó má baà gbiná. Èyí tí ó bá ń jò, a kì í fi ọwọ́ lásán mú un. Bí ike bá kún, a ó gbé e lọ sí ìlú ńlá, fún àwọn tí ń gba irú rẹ̀. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ike kan a máa pẹ́ kí ó tó kún.

A padà sí abúlé náà. A fi ìbọ̀wọ́ kó síǹkì àti ìyẹ̀fun náà kúrò, pẹ̀lú erùpẹ̀ abẹ́ wọn; a fi aṣọ tútù nu pátákó, a sì fi èédú igi àti ewé gbágùúdá kùn ún lákọ̀tun. Kò dán tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì hàn. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wá pé kí ni a fi kùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, a mọ̀ ọ́n, a sì sọ fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó da eérú, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a sì wo ẹni tí ó wà níbẹ̀.