Mo Fẹ́ Sanra

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Lẹ́pa ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wọ ọgbà yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní kí n di igi mú. Ìgbà tí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá dé, tí télọ̀ wọ̀n mí tán tó mí kanlẹ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹnìkan ní họ́ọ̀lù wa ló júwe oògùn fún mi. Cyproheptadine lorúkọ rẹ̀. Mi ò rí dókítà kankan. Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan lẹ́yìn géètì, ẹni tó tà á ò bi mí ní nǹkan kan ju pé ṣé mo ní ṣéńjì.

Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi ń jẹ ẹ̀bà bíi birikilà. Màá jẹ tèmi tán, màá tún máa wo ìkòkò ẹlòmíì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ.

Ṣùgbọ́n oorun! Kì í ṣe oorun ẹni tó ṣiṣẹ́ tó rẹ̀ o, àfi bíi pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà. Mo sùn ní kíláàsì, mo sùn nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ. Ẹnu mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ìgbẹ́ gan-an ò yá mọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Alẹ́ ewì ẹgbẹ́ wa wá kò. Ẹ ó rántí pé wọ́n pe orúkọ mi, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ ewì yẹn fún bàbá mi tó ti kú. Ìyá mi wọkọ̀ wá láti ilé nítorí rẹ̀. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Fóònù ké títí lábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò gbọ́. Ìyá mi fúnra wọn ló wá jí mi. Páálí oògùn ti wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí lèyí?"

"Oògùn àjẹsanra ni, Mà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ara bàbá rẹ lo gbé wáyé yẹn. Ṣé o fẹ́ pa á dà ni?"

Ọjọ́ kejì ni mo tó lọ bá apòògùn kan tó kàwé oògùn. Ó ní kẹ́míkà kan wà nínú ara tó ń jẹ́ serotonin. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, àmọ́ ọpọlọ náà ń lò ó, ó wà lára ohun tó ń sọ fún wa pé a ti yó. (Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá, mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Òjíṣẹ́ Ó-ti-tó.) Oògùn yìí a máa dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn, iṣẹ́ tó ń jẹ́ ò ní dé. Ó tún ń dí ọ̀nà mọ́ histamine, tí í jẹ́ kí ojú wa là, ibẹ̀ loorun ti ń wá. Oògùn ara yíyún àti imú tó ń ṣomi ni tẹ́lẹ̀. Àwọn dókítà a máa fún aláìsàn tí kò lè jẹun, wọ́n sì ń lò ó bí serotonin bá pọ̀ jù lára èèyàn. Ẹni tí ìtọ̀ ń há, tàbí tó ní irú glaucoma kan lójú, kò gbọdọ̀ lò ó bẹ́ẹ̀. Ọtí ń mú oorun rẹ̀ le sí i.

Ó ní èyí tí wọ́n ń di sínú ọ̀rá ló burú jù, torí àwọn kan a máa po dexamethasone mọ́ ọn. Ìyẹn a máa mú ojú wú, a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́ ò gbọdọ̀ dédé dá a dúró. Mo rántí ojú ẹnìkan ní kíláàsì wa. Mi ò sọ̀rọ̀.

Èmi dá tèmi dúró. Ara tí mo rà bá tirẹ̀ lọ, télọ̀ tún gbowó lọ́wọ́ mi láti dín aṣọ yẹn kù. Sátidé tó kọjá, mo ka ewì bàbá mi fún ìyá mi nílé ìdáná. Wọ́n ń bẹ iṣu lọ, wọn ò gbójú sókè. Ìgbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tún un kà.