Bàbá Buhaina, Àárò Yín Ń Sọ Mí

Bàbá Buhaina, Art Blakey, onílù jáàsì, ni gbogbo ayé mọ̀ yín sí, òun náà ló wà lára páálí àwo yín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ẹ di Abdullah Ibn Buhaina, Bu ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ń pè yín. Orúkọ tí wọ́n ń pè yín nínú ilé ni èmi náà fẹ́ mú lò lónìí, torí pé àárò yín ló ń sọ mí, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Ohun tí ọkàn mi ń fà sí jù ni ìgbà tí ẹ bá tẹ ọ̀pá ìlù méjèèjì mọ́ awọ snare, tí ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí á máa wú, tí á máa ga, tí á máa bọ̀ gìrìgìrì, títí ẹni tó ń fọn trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì kò fi ní ibòmíràn tí yóò gbà mọ́ àfi òkè. Mo ti gbọ́ àwọn onílù tí ọwọ́ wọn yá ju tiyín lọ. N kò tíì gbọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni lẹ́yìn tó yín.

Manchester ni mo ń gbé báyìí. Inú bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí òjò wínníwínní bá ń ṣàn lára fèrèsé, tí gbogbo wa jókòó nínú kóòtù tútù, tí ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni. Ohùn inú fóònù yìí mọ́ lóòótọ́, kò há, kò ta pàràpàrà. Ó mọ́ jù fún mi. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Òkè-Àdó bí a ti ń pè wọ́n, ni mo ti mọ̀ yín n'Ìbàdàn. Abẹ́ fèrèsé ni rédíógíràmù wọn máa ń wà, pẹ̀lú aṣọ funfun tí ìyàwó wọn fọwọ́ hun lórí. Tí wọ́n bá ti ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn igi tó ti gbó, eruku tó gbóná àti páálí tí òjò ti pa rí á jáde papọ̀. Bàbá Òkè-Àdó á fi etí bùbá wọn nu àwo náà yípo, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí abẹ́rẹ́, wọ́n á wá gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ìkókó tó ti sùn. A óò kọ́kọ́ gbọ́ ṣìììì. Lẹ́yìn náà, pianó.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1958 ni ẹ gba Moanin' sílẹ̀, ní ilé àwọn òbí Rudy Van Gelder ní Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Pálọ̀ ilé wọn ló sọ di ibi ìgbohùnsílẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i pé láti pálọ̀ ni orin náà ti gbéra, tó sì wá bá wa ní pálọ̀. Bobby Timmons tó kọ ọ́ ń fi pianó lé e, àwọn yòókù ń gbè é ní ohùn méjì péré, Àmín ilé ìjọsìn pọ́nńbélé. Màmá Òkè-Àdó kò ní ohun tí wọ́n ń fi jáàsì ṣe, orin ìjọ ni tiwọn, ṣùgbọ́n láti ilé ìdáná níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà, tí òórùn irú àti gbẹ̀gìrì ti ń wọlé wá bá wa, wọ́n á máa gbè é: Àmín! Àmín! Ó sì ń bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni Lee Morgan á gbé trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọmọ ọdún 20 péré, ẹ̀yin ń fi ẹsẹ̀ pa hi-hat dé ní ìlù kejì àti ìkẹrin, ṣàà, ṣàà, ẹ ò yẹ̀, ọmọ náà sì ń yan lórí rẹ̀ fàlàlà. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ láàárín méjì, ohùn Lee á máa rẹ̀, á máa wálẹ̀, á di ti arúgbó, á dákẹ́. A ò ní dìde. Bàbá Òkè-Àdó á fi ìka méjì gbá apá àga wọn láti ibi tí ẹ bá a dé, wọ́n á sì lu orin náà parí nínú òkùnkùn.

Àwo A Night at Birdland, èyí tí ẹ ṣe ní New York lóru ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1954, ni mo máa ń gbọ́ níbí tí mo bá ń dáná lálẹ́. Mo fẹ́ràn ariwo àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀, àti ohùn tín-ín-rín Pee Wee Marquette tó ń pe orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Horace Silver wà nídìí pianó. Clifford Brown ń fọn trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ń lé e kiri bí ó ti wù yín, ó ń rẹ́rìn-ín lọ níwájú yín nínú fèrè náà. Jàǹbá ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹfà ọdún 1956, ọmọ ọdún 25. Nínú àwo yẹn kan náà lẹ ti sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lẹ ó máa wà, tí àwọn wọ̀nyí bá dàgbà tán, ẹ ó wá òmíràn. Ẹ sì ṣe é. Wayne Shorter, Freddie Hubbard, Cedar Walton, Keith Jarrett, títí dé orí Wynton Marsalis, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn gbà kọjá. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ju bí ẹ ti fẹ́ lọ, tí ẹ rí i pé ó ti lè dá dúró, ẹ ó ní kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní ariwo yín pọ̀. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí n kì í gbọ́ béèsì Jymie Merritt rárá, mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Wọ́n ní oògùn olóró mú yín lẹ́rú fún ọdún pípẹ́, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rò ó. Síbẹ̀, Bàbá, ta ni mo fẹ́ lọ rí tí yóò lù ú bí ẹ ti ń lù ú? Ní ọjọ́ ogbó yín, etí yín di, ẹ kọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ ní ó ń da ìlù rú mọ́ yín lọ́wọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ìtàgé lẹ fi ń mọ ibi tí orin dé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1990 lẹ sì lọ, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí ẹ pé ọdún 71.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá Òkè-Àdó kò lè gbà fún yín. Ẹ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹ̀sìn àti ọgbọ́n orí lẹ wá wá sí ilẹ̀ Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1940, pé ẹ ò wá torí ìlù. Bàbá Òkè-Àdó á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé ìgúnpá wọn sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin náà máa ń fi ìgúnpá tẹ awọ tom-tom kí ohùn rẹ̀ lè gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá sì ti há gángan sí abíyá rí á mọ ohun tí apá ń bá ìlù wí. Èmi ò bá yín jiyàn. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí ẹ ṣe The African Beat ní ọdún 1962, Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, lẹ gbé síwájú. Àdúrà rẹ̀ ló ṣí àwo náà, dùndún rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í rẹ ohùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni sì jókòó sáàárín àwọn onílù yòókù, ẹ ń gbọ́. Àwa náà sì dá a padà fún yín: Tony Allen, ọmọ Èkó, tó fi àwo yín kọ́ ara rẹ̀ kó tó di onílù Fẹlá, gba orin mẹ́rin sílẹ̀ ní ọdún 2017 láti fi júbà yín, Moanin' wà níbẹ̀. Kò tẹ ìlù mọ́lẹ̀ bíi tiyín, ó ń tú u ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín nínú rẹ̀.

Mo ti rí The African Beat kan rà níbí, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo àlòkù. Ti Bàbá Òkè-Àdó, ẹnì kan yá a lọ, kò dá a padà. Mo ti fi aṣọ òfì wé e sínú àpótí. Nínú oṣù Kejìlá tí mo bá dé Ìbàdàn, kí n tó tú ẹrù, kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ìdí rédíógíràmù ni mò ń lọ. Etí Bàbá Òkè-Àdó náà ti ń wúwo báyìí, nítorí náà a óò yí ohùn rẹ̀ dé òpin ni. Ẹ má rọra lù ú o. Ariwo yín yẹn gan-an la fẹ́.