Ìkòkò Tó Wọ Kọ̀rọ̀

Ẹni tó bá gba àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù kọjá lọ́sàn-án yóò rí i pé oúnjẹ àwọn ará Jàpáàn ti di oúnjẹ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Akọ̀wé báńkì, ọmọ yunifásítì, birikìlà tó sinmi iṣẹ́ díẹ̀, gbogbo wọn ló ń wọlé jẹ súṣì tàbí abọ́ ráménì láìfòyà. Oúnjẹ náà dùn, àmọ́ ti àwa Yorùbá náà dùn. Lójú tèmi, ohun tó gbé tiwọn débẹ̀ ni pé àwọn tó dá irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mú ìtìjú kúrò lójú àlejò. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, torí ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ẹ wo súṣì tó ń yípo. Yoshiaki Shiraishi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Osaka ní 1958. Agbára rẹ̀ kò ká òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó láti máa gbé oúnjẹ kiri, ló bá rí bí ìgò bíà ṣe ń tò lọ lórí bẹ́líìtì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà, ó sì gbé irú rẹ̀ síwájú àwọn oníbàárà. Ẹni tó jókòó ń fojú ara rẹ̀ rí ẹja, ẹyin àti ìrẹsì tó ń kọjá. Àwọ̀ àwo ló ń sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ á mú àwo olówó pọ́ọ́kú méjì, á mu tíì sí i, á sì dìde láìsí pé ẹnì kan wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Bí ó bá jẹun tán, wọ́n á ka àwo òfìfo tó tò jọ síwájú rẹ̀, owó rẹ̀ nìyẹn. Kò ní láti pe orúkọ kankan tó lè lọ́ ọ lẹ́nu. Ilé oúnjẹ Yo! Sushi gbé ètò yìí dé Soho ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1997. Wagamama, ilé oúnjẹ ráménì, ti ṣáájú rẹ̀ ní Bloomsbury ní 1992, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn tí kò mọra rí ti ń jókòó ti ara wọn.

Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ńkọ́? Ìyá olóúnjẹ á ṣí ìdérí ìkòkò, oníbàárà á nawọ́: ẹ bu àmàlà, ẹ da gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ méjì. Ẹran kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, bí owó oníkálukú bá sì ṣe mọ ni yóò ṣe jẹun. Ètò Shiraishi gan-an nìyí, láìsí bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wa ní Peckham àti Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkòkò ti wọ kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ìwé tí wọ́n to orúkọ sí ló kù: ẹ̀fọ́ rírò, ọ̀fadà, ayamáṣe, àwo ńlá kan, iye kan. Ẹni tó bá ti mọ̀ nìkan ló mọ̀. Àwọn ọmọ tiwa tí a bí síbí gan-an ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan á ní oúnjẹ wa ti gòkè, pé Chishuru, ilé oúnjẹ Adejoké Bakare, gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, ní 2024. Ìyẹn wú mi lórí gidigidi. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ ayẹyẹ nìyẹn. Ta ni yóò bọ́ akọ̀wé báńkì lọ́jọ́ Túsìdeè? Àwọn mìíràn á ní a ó ba adùn oúnjẹ wa jẹ́ bí a bá ṣe é fún àlejò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni ráménì ti wá sí Jàpáàn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé kọ́rì débẹ̀, síbẹ̀ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ onísúṣì ṣì ń ṣe tiwọn ní Tokyo bó ṣe yẹ. Ti pé àlejò kò lè fọwọ́ jẹ ẹ̀bà kò tó ohun à ń jiyàn lé. Igi méjì tí a fi ń jẹ ráménì kò rọrùn jù ú lọ.

Àtakò tó wúwo jù ni pé Alan Yau tó dá Wagamama sílẹ̀ kì í ṣe ará Jàpáàn. Hong Kong ni wọ́n bí i sí. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń kọ mí lóminú nìyẹn. Bí a bá fi àyè yìí sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀gúsí wa ṣọrọ̀ níbí. Owó ilé ga lóòótọ́, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, ọbẹ̀ mẹ́rin péré nínú ìkòkò tí gbogbo ojú ń rí lẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀bà kékeré, iye owó ẹran kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan: èyí kò ná ni tó ilé ńlá tó ní ogójì oúnjẹ nínú ìwé, tí ìdajì wọn sì ti tán ní agogo méjì ọ̀sán.